Apá Òsì, Ìlà Iwájú

4

…nítorí náà, kò sí ìsinmi fún ẹnikẹ́ni títí àkókò òde yìí yóò fi parí. Ọjọ́ Ẹtì: ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí, Àpápá GRA. Sátidé: ìwọ́de àánú fún àwọn opó, Ajégúnlẹ̀. Ọjọ́ Àìkú: ìsìn ìdúpẹ́. Kí gbogbo bàtà funfun jẹ́ funfun lóòótọ́.

Akínsànyà, olùdarí báńdì

(Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn yàrá ìdánrawò, nínú bárékè àwọn ológun.)


5

Wọ́n fẹ́ fi àánú pa Ọbalọlá. Ó ti fọn fèrè fún opó, ó ti fọn fún afọ́jú, ó ti fọn fún gbogbo ẹni tí kò lẹ́nì kan láyé. Òun náà kò lẹ́nì kan nínú yàrá rẹ̀, ṣùgbọ́n báńdì kì í lọ kí ẹni tó wà nínú báńdì.

Ó dá wà. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí.


6

Tọ̀ròmbóònù ló ń fọn, fèrè gígùn tí wọ́n ń fà síwájú fà sẹ́yìn. Nítorí fífà yẹn, ìlà iwájú ni wọ́n máa ń to àwọn tọ̀ròmbóònù sí, kí wọ́n má baà gún ẹni ẹlẹ́ni lẹ́yìn. Mẹ́rin ni wọ́n. Àwọn ni gbogbo àdúgbò ń kọ́kọ́ rí.

Àwọn ò gbọdọ̀ rí ẹnikẹ́ni. Iwájú ni ojú ń wò. Ẹni tó bá yí ọrùn, yóò rí pupa ojú ọ̀gá.


7

(Lórí fóònù. Ewoma ni ìyàwó rẹ̀. Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀ ló mú ọmọ wọn obìnrin, Efe, lọ.)

EWOMA: Daddy Efe, Monday la máa lọ sí Warri o.

ỌBALỌLÁ: Ewoma, jọ̀ọ́. Season yìí máa tó parí.

EWOMA: Tó bá parí, òmíràn á bẹ̀rẹ̀. Lánàá, Efe rí fótò ẹ. Ó ní, "Mummy, who be this uncle?"

ỌBALỌLÁ: A máa gba iwájú kẹ́míìsì oògùn tó wà lẹ́bàá ilé yín kọjá ní Saturday. Ẹ dúró síbẹ̀.

EWOMA: Ṣé wàá dúró kí i?

ỌBALỌLÁ: Mi ò lè dúró. Ṣùgbọ́n màá ṣẹ́jú sí i. Sọ fún un pé ẹni tó bá ń fọn fèrè gígùn, tó sún mọ́ yín jù, èmi nìyẹn.

EWOMA: Okay. Tó o bá dá ọmọ ẹ lóhùn, a ò ní lọ mọ́, a máa jókòó sọ̀rọ̀. But if you pass am like stranger, no call me again.


8

Apá òsì ọ̀nà ni kẹ́míìsì wà. Apá ọ̀tún pátápátá ni Ọbalọlá máa ń wà nínú ìlà. Godstime, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin náà, ló ni òsì.

ỌBALỌLÁ: Abeg, jẹ́ ká pààrọ̀ ipò ní Saturday.

GODSTIME: Oga go vex o.

ỌBALỌLÁ: Nítorí ọmọ mi ni.

GODSTIME: Ah. Carry left, my brother. E don be your own.


8, ìyókù rẹ̀

Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò. Ẹ fẹ́ atẹ́gùn kún ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí ẹ wá ṣẹ́ ojú kan ṣoṣo. Gbogbo ojú ló máa dàrú. Ọbalọlá dúró síwájú dígí, ó ń ṣẹ́jú sí ara rẹ̀ títí ó fi mọ̀ ọ́n ṣe.


9

Sátidé. Wọ́n dé iwájú kẹ́míìsì.

Kò yí ọrùn. Ẹyinjú nìkan ló yí sí òsì.

Ọkùnrin kan tó ń ta káàdì fóònù. Ajá kan. Kò sí Ewoma. Kò sí Efe.


10

(Ọ̀rọ̀ tó wọlé sórí fóònù rẹ̀, ní bárékè, níbi tó fi í sí.)

A ti ń bọ̀ o. Efe ló ní òun ò ní jáde àfi tóun bá wọ white bíi ti Daddy. Mo ń wá a.


11

Ní oríta Boundary, Akínsànyà tó ń ṣáájú gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè, báńdì sì yí padà láti gba ọ̀nà kan náà bọ̀.

Tí báńdì bá yí padà, olúkúlùkù ń di ipò rẹ̀ mú nínú ìlà. Òsì ò kúrò lóòsì. Ọ̀nà ló yí. Kẹ́míìsì ti bọ́ sí ọ̀tún.

Ọbalọlá ò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa yí padà. Kò kàn ní ẹni tó ń wá lẹ́bàá ọ̀nà rí ni, kò sì rò ó dé ibẹ̀. Ká ní ó dúró sí ipò tirẹ̀ ni, òun ni ì bá sún mọ́ kẹ́míìsì jù.


12

"DADDY!"


13

Lápá ọ̀tún.

Ó yí ọrùn.

Efe wà léjìká ìyá rẹ̀, nínú aṣọ funfun; èrò tó wà níwájú ò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ ríran. Ó ń ju ọwọ́ méjèèjì. Ó ń jù ú sí Godstime.

Fìlà kan náà, aṣọ kan náà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú bákan náà. Godstime tẹjú mọ́ iwájú bí òfin ṣe wí.

Ọbalọlá ṣẹ́jú. Ó tún ṣẹ́jú. Efe ò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá.

Ọwọ́ ọmọ náà rọra wálẹ̀.


14

ÌJÁBỌ̀. Ọbalọlá yí orí sí ọ̀tún nígbà tí báńdì ń rìn. Akínsànyà, olùdarí báńdì.


15

(Nínú ọkọ̀, wọ́n ń padà sí bárékè.)

GODSTIME: Your pikin come?

(Ọbalọlá ń kó fèrè rẹ̀ sínú àpótí.)

GODSTIME: One small girl dey wave me for that side. Fine pikin. E pain me say I no fit look am.


16

EFE (ohùn rẹ̀ lórí fóònù): Daddy, I call you o. You no look me. Daddy, you dey vex?

EWOMA (àtẹ̀jíṣẹ́): Efe rí ẹ. Ó ti tó.


17

Ó kọ ọ́: *Èmi kọ́ nìyẹn.*

Ó pa á rẹ́. Efe á wá mọ̀ pé òun ò mọ ojú bàbá òun.

Ó kọ ọ́: *Èmi ni. Má bínú, ọmọ mi.*

Ó wò ó títí. Bàbá tó rí ọmọ rẹ̀ tó sì kọjá lọ. Ṣùgbọ́n ó kéré tán, bàbá tí ọmọ náà dá mọ̀.


18

Àárọ̀ Mọ́ńdè ti mọ́. Kò tíì fi èyíkéyìí ránṣẹ́.