Olóòótọ́ Òṣòdì

Ojú wọn ṣe mẹ́rin níbi tí èrò ti ń fún ara wọn pa lórí àtẹ̀gùn afárá Òṣòdì. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ga, eyín rẹ̀ funfun kinkin. Ọkàn Fawziyyah yọ́ bí òrí tó rí oòrùn. Ó ti ń ronú orúkọ àkọ́bí wọn nígbà tí ọkùnrin náà fi ìgbọ̀nwọ́ gún ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Ṣé kì í ṣe agbọkọlọ́kọ orí fóònù yẹn nìyí?"

Ìfẹ́ kú síbẹ̀.

Ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Olóòótọ́ Òṣòdì ló gbé àwòrán Fawziyyah sórí Fesibúùkù, tó ní bó ṣe ń ta ìborùn fún àwọn ìyàwó ilé ló ń gba ọkọ wọn. Ọkọ ta ni, nígbà tí òun gan-an ò tíì rí ọ̀kan? Síbẹ̀, àwọn oníbàárà ń sá fún ìsọ̀ rẹ̀ bí ẹní ń sá fún ààtàn. Bí orúkọ rẹ̀ ò bá mọ́, ọjà ti kú nìyẹn.

Lọ́yà Adéyínká, tí Fawziyyah gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ní Ṣógúnlé, ní ẹ̀wọ̀n ń bẹ lábẹ́ òfin fún irú ìbanijẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó kù kí wọ́n mọ aṣebi náà. Fawziyyah ò lè ka ọ̀rọ̀ Fesibúùkù náà dópin rí, lọ́yà ló kà á sókè títí dé "Àwẹ̀ró aláìnítìjú."

Àwẹ̀ró ni oríkì rẹ̀. Ìyá àgbà nìkan ló ń fi pè é, nínú ilé wọn ní Ailegun, bó bá kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀. Ta ló ń gbọ́ ọ? Bàṣírátù tó ń gbé yàrá kejì, tí òun náà ń ta ìborùn, tó ń fi ẹ̀rín gba oúnjẹ sààrì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbọ́n tó láti fi orúkọ ara rẹ̀ pamọ́, ó wá gọ̀ débi tó fi oríkì inú ilé bú èèyàn níta.

Wọ́n fẹjọ́ sùn, àwọn ọlọ́pàá tọpa nọ́ńbà fóònù tí Olóòótọ́ Òṣòdì fi wọ Fesibúùkù, ọ̀dọ̀ Bàṣírátù ló já sí. Nígbà tí wọ́n mú ìwé ìpè ilé ẹjọ́ wá, ìyá Bàṣírátù ní ọmọ òun ti lọ sí Ọ̀yọ́. Ọ̀yọ́ wo? Ohùn Bàṣírátù ń polówó ọjà lórí fóònù, ó ń dún jáde lójú fèrèsé.

Ọ̀sán Jímọ̀ kan ló jáde wá gbé ọjà fún ọlọ́kadà. Ọlọ́pàá àti Fawziyyah ló bá lẹ́nu géètì. Ó yára kúnlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, eré ni mo fi ṣe."

"Mo ti wá di ẹ̀gbọ́n ẹ? Dìde jàre. Eré ẹ dùn, adájọ́ náà á fẹ́ wò ó."

Ọlọ́pàá na ìwé náà sí i. Olóòótọ́ Òṣòdì fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.