Àgbo Àmúdàtù

Ní ọdún tó ṣáájú èyí tí Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá sí Èkó, ìgbẹ́ gbuuru mú ewúrẹ́ mẹ́ta tí Hàwáwù ń sìn ní Ìta Fájì. Ìyá rẹ̀, Àmúdàtù, ló mọ àgbo rẹ̀ sè, ṣùgbọ́n ìyá ti jáde láyé kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Hàwáwù mọ ewé gúáfà àti èèpo mángòrò tó wà níbẹ̀. Egbò igi dúdú tí ìyá fi sílẹ̀ nínú ìkòkò ni kò mọ orúkọ rẹ̀.

Ó se gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó sì sọ fún Àǹtí Clementina, nọ́ọ̀sì àgbà ará Olówógbowó tó ti fẹ̀yìn tì.

"Má tíì fún ènìyàn mu o," ni Àǹtí wí. "Fún ewúrẹ́ méjì, kí o fún ẹ̀kẹta lómi lásán. A ó wá mọ̀ bóyá àgbo ló ṣiṣẹ́."

Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó máa fi di ìrọ̀lẹ́, ìgbẹ́ àwọn méjì tó mu àgbo ti ki. Èyí tó mu omi ṣì ń ṣu gbuuru. Àǹtí pàtẹ́wọ́.

Hàwáwù ò lè pàtẹ́wọ́. Àwọn ewúrẹ́ méjì náà ò ké mọ́. Wọ́n kọjú sí igun àgbàlá tí ìyá rẹ̀ máa ń jókòó sí, orí wọn ń yí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń wo ènìyàn tó ń kọjá.

Wọ́n fún ẹ̀kẹta náà mu. Ara rẹ̀ yá. Òun náà kọjú síbẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kejì, inú ń run Àǹtí fúnra rẹ̀, oògùn ọsibítù ò ràn án. Ó wá sí àgbàlá Hàwáwù, ó ní kí ó bu àgbo wá. Ó mu ún, ó sinmi díẹ̀, ó yíjú sí igun náà.

"Ẹ káàsán, mà."

"Àǹtí, ta lẹ̀ ń kí?"

"Ìyá rẹ ni. Ó ń ṣa ewé."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sìnkú, Hàwáwù ò tíì fojú kan ìyá rẹ̀, àní lójú àlá. Inú rẹ̀ ò run ún, síbẹ̀ ó gbé ìyókù àgbo náà mì. Ó tẹjú mọ́ igun náà títí omijé fi dà lójú rẹ̀. Ògiri lásán ló rí.

"Ẹ bá mi bi wọ́n, ṣé wọ́n ń rí mi?"

Àǹtí tún wo igun náà.

"Ó ti dìde. Ọwọ́ rẹ̀ wà léjìká rẹ."

Hàwáwù fọwọ́ kan èjìká rẹ̀. Aṣọ ibẹ̀ tutù rinrin.

Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni tó bá wá tọrọ àgbo ewúrẹ́, Hàwáwù a ní òun ò mọ̀ ọ́n sè.