Ẹni Tó Já Okùn Àwẹ̀

Alágídí ni Olúníyì ọkọ mi. Bó bá ti ní òun ò ní ṣe nǹkan, ẹ má wulẹ̀ fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ìdí nìyẹn tí àyà mi fi já lọ́sàn-án Sátidé ọjọ́ yẹn, nígbà tí Goodluck pè mí lórí fídíò láti aginjù Mọriténíà.

Goodluck àti ọkọ mi jọ ń ṣiṣẹ́. Àwọn méjèèjì ló ń wa mọ́tò akérò tí ìjọ wa ní Balbriggan, ní Ireland níbí, fẹ́ fi ta ilé ìwòsàn aláboyún kan ní Gáńbíà lọ́rẹ. Wọ́n ti la Sípéènì àti Mòrókò kọjá, ó wá ku aginjù. Ẹ̀rù aginjù yìí ló mú kí Pásítọ̀ Ezekiel kéde àwẹ̀ gbígbẹ ọlọ́jọ́ mẹ́ta: kò sóúnjẹ, kò sómi. Ọjọ́ kejì la wà, a pé jọ sí gbọ̀ngàn wa fún àdúrà, ètè gbogbo wa ti gbẹ.

"Mummy Tòún, good afternoon ma," ni Goodluck wí. Iyanrìn ti kún irùngbọ̀n rẹ̀. "Abeg, talk to your husband. Sand don cover road, our tire don sink. Since morning we dey dig. Oga no gree drink water. Since yesterday!"

"Kí ló dé tí kò mu omi?"

"E say na church fast. Me I be Catholic, I don drink my own."

Mo kígbe. Àwẹ̀ àwa tá a jókòó sínú òtútù ni, kì í ṣe tẹni tó ń gbẹ́ iyanrìn lójú oòrùn. Kò sẹ́ni tó rò ó débẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Pásítọ̀ kéde rẹ̀ lórí WhatsApp, "gbogbo ọmọ ìjọ" ló pè, ọmọ ìjọ sì ni Olúníyì.

Goodluck yí fóònù sí i. Ó jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti mọ́tò. Ètè rẹ̀ ti là, ojú rẹ̀ ti kó wọnú. Ohun tó dẹ́rù bà mí jù ni pé kò làágùn mọ́.

"Daddy Tòún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mu omi."

"Ṣé... ṣé reluwé ti dé?" ló bi mí.

Reluwé wo nínú aginjù? Mo sáré gbé fóònù lọ bá Pásítọ̀ níwájú pẹpẹ. Bó ṣe rí i, ojú rẹ̀ yí padà.

"Brother Níyì, mo tú yín sílẹ̀ o. Ẹ mu omi."

Olúníyì mi orí. "Pásítọ̀, ẹ̀yin lẹ sọ pé okùn kan ni gbogbo wa jọ dì mú. Ẹni tó bá já a, ó já a fún gbogbo ìjọ. Bí nǹkan bá ṣe mọ́tò yìí, èmi kọ́ ni wọ́n máa sọ pé ó fà á."

Pásítọ̀ kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Àwọn yòókù gbà á lẹ́nu rẹ̀, ariwo sọ. Mo fẹ́ràn àdúrà o, àdúrà ló gbé wa dé Ireland. Ṣùgbọ́n inú bí mi. Omi wà lọ́wọ́ Goodluck, omi ń bẹ nínú ẹ̀rọ wa, ọkọ mi sì fẹ́ kú sí àárín méjèèjì.

Mo wọ ilé ìdáná ìjọ, mo ṣí press, kọ́bọ́ọ̀dù tí à ń kó abọ́ sí, mo mú ife, mo bu omi ẹ̀rọ kún un. Bí mo ṣe gbé e dé iwájú pẹpẹ, àdúrà dákẹ́.

"Ah! Sister Kòfó, ẹ má dán an wò!" ni ẹnì kan ké.

Mo gbé fóònù sókè kí ọkọ mi lè rí ọ̀fun mi, mo sì mu ún tán láìmí. Omi ń ṣàn sí mi láyà.

"Níyì," ni mo pè é. Láti ìgbà tí a ti ṣègbéyàwó, n kò pe orúkọ rẹ̀ lójú èèyàn rí. "Mo ti já okùn yín. Èmi Kòfowórọlá ló já a, ìwọ kọ́. Kò sí àwẹ̀ kankan mọ́ tó ò ń gbà."

Ojú rẹ̀ là díẹ̀. "Kòfó. O ba àwẹ̀ ìjọ jẹ́? Lójú Pásítọ̀?"

"Mo bà á jẹ́. Bínú sí mi. Àmọ́ òkú kì í bínú, mu omi ná!"

Goodluck gbé ìgò sí i lẹ́nu, Olúníyì ti ọwọ́ rẹ̀ dànù. Mo rò pé ó ti parí nìyẹn. Ó wò mí títí, ó wá na ọwọ́, ó gba ìgò náà fúnra rẹ̀. Ó mu díẹ̀, ó wúkọ́, ó tún mu. Mo ń wo gògóńgò rẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè sódò.

"Small small, Oga," ni Goodluck ń wí.

Mo mọ̀ pé ìjọ á pè mí sí ìpàdé, wọ́n á sì ní kí n fi ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀. Kí wọ́n máa pè mí.

Ìgò náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kí Olúníyì tó gbójú sókè. Ohùn rẹ̀ ṣì há, àmọ́ ó ti mọ ibi tó wà.

"Obìnrin aláìgbọràn," ló sọ. "Bí ìyá rẹ ṣe tọ́ ẹ nìyẹn? Jẹ́ kí n délé. Wàá rí pupa ojú mi."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gbọ̀ngàn, mo ń sunkún, mo ní kó máa bú mi lọ, kó má dákẹ́.