Àwọn Mẹ́rìnlá Inú Yàrá Ìkàwé

Kò sẹ́ni tó fẹ́ràn lẹ́tà tí ẹgbẹ́ olùkọ́ lẹ̀ mọ́ pátákó ìkéde lọ́jọ́ Ajé yẹn. Ìlà mẹ́ta péré ni: akọ̀wé ẹgbẹ́ yóò wá jókòó ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan láti wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Wọn ò sọ ìdí.

"Ẹgbẹ́ tó yẹ kó máa gbà wá lọ́wọ́ ọ̀gá ti di alamí ọ̀gá," ni Bọ̀dá Oníṣirò, olùkọ́ kíláàsì karùn-ún, wí. "Ìgbà wo ni ológbò bẹ̀rẹ̀ sí í bá eku ṣọ́lé?"

Àǹtí Ṣọ́ọ̀kì, tó ń kọ́ kíláàsì kẹrin, ò rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, torí kò sígbà tí apá ọ̀tún ẹ̀wù rẹ̀ kì í funfun. Ọmọ méjìlélọ́gọ́ta ló ń dojú kọ lójoojúmọ́, mẹ́rìnlá nínú wọn ò sì lè ka ìlà kan láì kọsẹ̀. Ó ti gbìyànjú títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Lọ́dún tó kọjá, àwọn alábẹ̀wò ìjọba bá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin. Kò pé oṣù kan tí wọ́n fi ṣí i nípò lọ síbi tó jìnnà débi pé ọjọ́ Àbámẹ́ta nìkan ló ń rí àwọn ọmọ rẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ pé, Àǹtí Ṣọ́ọ̀kì kó àwọn mẹ́rìnlá náà lọ bá ìyá tó ń tọ́jú yàrá ìkàwé.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ bá mi fi wọ́n to ìwé títí di àsìkò ìsinmi."

Ìyá náà wò ó látòkè délẹ̀. "Àwọn tí kò lè kàwé ni kó to ìwé?"

"Wọ́n á fi àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ tò ó, mà."

Akọ̀wé dé, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í tètè ṣẹ́jú. Ó jókòó lẹ́yìn, ó ṣí ìwé pélébé kan. Àǹtí Ṣọ́ọ̀kì ń kọ́ àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n ètè akọ̀wé tó ń mì ló ń wò. Ọkùnrin náà ń ka orí.

"Ṣé gbogbo wọn rèé?"

"Gbogbo wọn rèé, sà."

Ó nawọ́ sí àga kan tó ṣófo. Báàgì mẹ́ta wà lórí rẹ̀.

"Àga yìí náà ń gbé báàgì wá sílé ìwé?"

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Àǹtí Ṣọ́ọ̀kì yára dáhùn. "Ti àwọn tó wà níwájú ni, sà. Àyè ò gbà wọ́n."

Akọ̀wé kọ nǹkan, ó dìde, ó lọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́tà míì dé. Ẹgbẹ́ ti bá ìjọba fà á títí, ìjọba ti gbà: kíláàsì tí ọmọ inú rẹ̀ bá ju àádọ́ta lọ yóò gba olùkọ́ kejì. Kíláàsì karùn-ún rí gbà. Níwájú kíláàsì kẹrin, wọ́n kọ méjìdínláàádọ́ta, wọ́n sì fa ìlà sí àyè olùkọ́ kejì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Àǹtí Ṣọ́ọ̀kì kọrí sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́. Yàrá kan ni, fáìlì kún un dé ojú fèrèsé, akọ̀wé sì jókòó sáàárín wọn.

"Ẹ mọ̀ pé mo purọ́, sà," ló ní.

"Mo rí báàgì. Ṣùgbọ́n wọn ò rán mi láti ka báàgì."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ ohun tí ẹ wá ṣe?"

"Ká ní a sọ ọ́ ni, kíláàsì wo ni kò ní yá ọmọ lọ́wọ́ kíláàsì kejì? Ẹ̀yin ò fọkàn tán wa, àwa náà ò fọkàn tán yín." Akọ̀wé ti bébà kan sí i. "Àkójọ kejì àwọn kíláàsì tó máa gba olùkọ́ ń jáde níparí táàmù. Ẹ kọ ohun tí ẹ ṣe síbí, kí ẹ buwọ́ lù ú. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ta ni yóò gbà pé ọmọ mẹ́rìnlá kàn hù láti inú ilẹ̀?"

Bébà tó lè mú olùkọ́ wá ni. Òun náà ló sì lè lé olùkọ́ lọ. Àǹtí Ṣọ́ọ̀kì rántí ọmọbìnrin kan nínú àwọn mẹ́rìnlá náà, tó máa ń há ẹ̀kọ́ sórí látẹnu ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí á wá máa kà á jáde, ìwé á sì wà ní ìdoríkodò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kọ gbogbo rẹ̀. Ó buwọ́ lù ú.

"Ẹ̀dà tèmi ńkọ́, sà?"

"Ẹ̀rọ ti bàjẹ́."

"Ẹ jẹ́ kí n tún un kọ, kí ẹ̀yin náà buwọ́ lù ú."

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sì buwọ́ lù ú.

Ní táàmù kejì, olùkọ́ tuntun dé, ó sì gba àwọn mẹ́rìnlá náà sọ́dọ̀. Kí ọdún tó parí, mẹ́sàn-án ti ń kàwé, ọmọbìnrin yẹn wà lára wọn. Márùn-ún ṣì ń bá a jìjàkadì. Àǹtí Ṣọ́ọ̀kì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ nínú ìpàdé, lójú gbogbo ayé. Síbẹ̀, níbikíbi tó bá ti pàdé akọ̀wé, ìbéèrè kan náà ni.

"Bébà tí mo buwọ́ lù ńkọ́, sà?"

"Ó wà níbi tó wà," ni yóò fèsì, yóò sì bá tirẹ̀ lọ.