Owó Tí Hameed Fọ̀

Bí ẹ bá wá alágbàfọ̀ tó mọṣẹ́ ní Ajégúnlẹ̀ lọ́dún 1992, Hameed ni wọ́n á júwe fún yín. Aṣọ tó bá gba ọwọ́ ẹ̀ kọjá, eṣinṣin gan-an á ronú kó tó bà lé e.

Inú àpò aṣọ àwọn oníbàárà ló ti rí ogún náírà àtijọ́ mẹ́ta, irú èyí tí ìjọba ti pààrọ̀ àwọ̀ ẹ̀ ní 1984. Àwọn tó ni wọ́n ní kó sọ wọ́n nù, wọn ò ra nǹkan kan mọ́. Hameed kó wọn pamọ́. Nígbà tó wá gbọ́ pé oníbàárà ẹ̀ kan, Ọ̀gbẹ́ni Gregory Ọdẹ́yẹmí, ọ̀gá níléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi kan ní Wharf Road, ń ṣa owó àtijọ́ jọ, tó sì ní bébà pọ́n-ùn méjì tó jọra, owó tí a ń ná kí náírà tó dé, ọkàn ẹ̀ ò balẹ̀ mọ́. Irú pọ́n-ùn yẹn ni bàbá Hameed kọ́kọ́ gbà lówó iṣẹ́ ní wọ́ọ̀fù, ó ń ròyìn ẹ̀ títí tó fi kú. Hameed ò fojú kàn án rí. Ó pinnu láti fi mẹ́ta tiẹ̀ pààrọ̀ ẹyọ kan.

Ṣé èèyàn á wá gbé owó onídọ̀tí wọ ilé ọ̀gá ní Àpápá GRA? Ká má rí i! Ó rẹ wọ́n sínú ọṣẹ lúbúlúbú, ó fi sítáàṣì díẹ̀ sí i, ó gbé áyọ́nù eléèédú lé e. Ebiere ìyàwó ẹ̀ figbe ta: "Hameed, you don craze? Na money you dey iron?" Hameed ní kó fòun sílẹ̀ jàre.

Ní Sátidé, ọ̀gá fọwọ́ tọ́ owó náà, ojú ẹ̀ sì yí pa dà. "Yíǹkì owó gidi máa ń ga díẹ̀ lábẹ́ ìka. Eléyìí tẹ́ pẹrẹsẹ." Ó fa kọ́tìnì, ó tan iná aláwọ̀ àlùkò kékeré tó fi ń yẹ owó wò. Owó náà tàn yòò ní búlúù. "Bébà owó gidi kì í tàn báyìí. Ta ló tẹ ayédèrú yìí fún ẹ?"

Hameed sún sẹ́yìn. Ayédèrú kẹ̀! Ẹ̀wọ̀n ń bẹ níbẹ̀ o. Tí kò bá tiẹ̀ ṣẹ̀wọ̀n, ta ló máa kó aṣọ fún ẹni tó ń tẹ owó?

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò mọ ẹni tó ń tẹ owó! Mo kàn fọ̀ ọ́ ni!"

"O fọ kí ni?"

Hameed fẹ́ dọ̀bálẹ̀, àfi bó ṣe rí ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí ọ̀gá wọ̀, èyí tóun fúnra òun fọ̀ ní Ọjọ́rú. Òun náà ń tàn búlúù yòò lábẹ́ iná yẹn!

"Ọ̀gá, ẹ wo àyà yín! Ọṣẹ kan náà ló ń tàn sà! Tí owó mi bá jẹ́ ayédèrú, ṣẹ́ẹ̀tì yín náà jẹ́ ayédèrú!"

Ọ̀gá wo kọ́là, ó wo apá aṣọ. Ló bá ṣí kọ́tìnì, ó na owó náà sí oòrùn. Okùn tín-ín-rín wà láàárín ẹ̀, àwòrán tó fara pamọ́ sínú bébà náà sì yọjú. Bẹ́ẹ̀ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí: owó gidi ni wọ́n. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí ó fi di àga mú.

"Áyọ́nù ló tẹ yíǹkì yẹn mọ́lẹ̀! Hameed, o ti bà á jẹ́. Lójú àwa tí à ń ṣa owó jọ, ìdọ̀tí sàn ju ọṣẹ lọ."

Látọjọ́ tí Hameed ti ń fọṣọ, ẹnikẹ́ni ò sọ bẹ́ẹ̀ fún un rí. Ó dùn ún dọ́kàn. Ó ń kó owó ẹ̀ jọ kó máa lọ, ni ọ̀gá bá na pọ́n-ùn kan sí i.

"Gbà. Mo fẹ̀sùn èké kàn ẹ́, ìtanràn mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n búra fún mi pé omi ò ní kàn án."

Hameed fọwọ́ méjèèjì gbà á. Owó tí bàbá òun ń wí rèé! Omijé lé ròrò sí i lójú, ó sì sáré gbé ojú kúrò kó má baà kán sórí ẹ̀. Nígbà tó tún wò ó, ó rí i pé ẹnì kan ti fi ìka elépo tẹ etí ẹ̀. Àtàǹpàkò Hameed ti ń nù ún díẹ̀díẹ̀ kóun alára tó mọ̀. Ló bá dá pọ́n-ùn náà pa dà sọ́wọ́ ọ̀gá wéré.

"Ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀ síbí sà. Màá máa wá wò ó ní Sátidé-Sátidé. Mo mọ ara mi."