Ẹni Tó Kan Ilẹ̀kùn Lọ́jọ́ Ẹtì

Nǹkan méjì ni Motúnráyọ̀ kì í ṣe láti ìgbà tí ìwé àṣẹ tó fi wọ Amẹ́ríkà ti kú. Kì í gbé fóònù tí kò bá mọ nọ́ńbà tó ń pè é, kì í sì í ṣí ilẹ̀kùn fún ẹni tí kò bá dá mọ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì ló ti gbọ́ ọ, lẹ́nu àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń gbálẹ̀ lẹ́yìn ìsìn. Wọ́n ní bí àwọn aṣọ́bodè tó ń mú ẹni tí ìwé rẹ̀ ti kú bá kan ilẹ̀kùn, kí èèyàn dákẹ́ bí ẹni pé ilé ṣófo. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, orúkọ rẹ̀ ni yóò pè.

Ó ti lé láàádọ́ta ọdún. Ìwé mẹ́fà ló kà ní Ṣakí kó tó lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, òyìnbó tó gbọ́ kò ju ti ọjà lọ. Àǹtí Bọ́sẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló ní kó wá sí Dálàásì. Ìtọ̀ ṣúgà ti ba kíndìnrín Àǹtí Bọ́sẹ̀ jẹ́, ó sì ti mú púpọ̀ lọ nínú ojú rẹ̀. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fún Motúnráyọ̀ pé kó fi tọ́jú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Oṣù mẹ́fà di ọdún méjì. Ta ni yóò fi ẹ̀gbọ́n tó tọ́ ọ dàgbà sílẹ̀ lórí àga kó máa lọ sílé?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́bọ̀ àti Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ Àǹtí Bọ́sẹ̀. Enoch ni awakọ̀ tí wọ́n ń rán wá gbé e ní agogo mẹ́wàá. Enoch kì í kan ilẹ̀kùn. Láti ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ni yóò ti máa kígbe pé Màmá, Màmá, títí ẹ̀rín yóò fi gba gbogbo ilé. Bí wọ́n bá fọ ẹ̀jẹ̀ náà tán, ara á rọ Àǹtí Bọ́sẹ̀ bí ewé tí wọ́n bu omi sí. Bí ọjọ́ bá yẹ̀, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í gun ẹsẹ̀ rẹ̀, á gba inú lọ sí àyà. Motúnráyọ̀ mọ èyí dáadáa. Ìyẹn ló ṣe jẹ́ pé òun ló ń ka ọjọ́.

Lọ́jọ́rú, fóònù gbogbo àdúgbò ké lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹran tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Jessica, ọmọ Àǹtí Bọ́sẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Coppell, ló pè láti ṣàlàyé. Ó ní ìkìlọ̀ ìjọba ni, òjò yìnyín ń bọ̀ láti ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, kí wọ́n má jáde, kí wọ́n jẹ́ kí omi máa kán díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ, kí wọ́n ra oúnjẹ sílẹ̀.

Ìlú pín sí méjì lórí ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí Motúnráyọ̀ dé ilé ìtajà, kò sí búrẹ́dì, kò sí omi, pẹpẹ ẹyin mọ́ bí ẹni pé wọ́n fi ahọ́n lá a. Àwọn tó rántí ọdún tí iná lọ fún ọjọ́ mélòó kan, tí omi dì sínú páìpù, ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù bí ẹni tí ogun ń lé. Ṣùgbọ́n lórí Wọ́sáàpù ìjọ, ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Bọ̀dá Olúdáre kọ ọ́ síbẹ̀ pé oṣù tó kọjá náà ni wọ́n ní kí gbogbo ayé má jáde, oòrùn ló ràn títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó ní kí àwọn tó ń ra búrẹ́dì bí ẹni tó fẹ́ ṣí ilé búrẹ́dì rántí pé ikùn kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún wọn. Sísítà Fèyísọ́lá dá a lóhùn pé bí iná bá lọ, kí ẹnikẹ́ni má wá kan òun o, àwọn ọmọ òun ti ka búrẹ́dì náà. Motúnráyọ̀ kà á fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́bọ̀, Enoch wá, wọ́n fọ ẹ̀jẹ̀, ó gbé e padà. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan nípa Àbámẹ́ta.

Ọjọ́ Ẹtì mọ́, oòrùn ràn. Nígbà tó ku díẹ̀ kí agogo mẹ́sàn-án lù, fóònù Àǹtí Bọ́sẹ̀ dún. Ọwọ́ Motúnráyọ̀ ni fóònù náà máa ń wà nítorí ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó wò ó. Orúkọ ibi tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ wà nínú fóònù, èyí kò ní orúkọ. Ó jẹ́ kó dún títí ó fi dákẹ́. Agogo mẹ́wàá, ó tún dún. Agogo mọ́kànlá, ó tún dún, nọ́ńbà kan náà. Ta ló ń wá wọn tó báyìí? Ó pa ohùn rẹ̀, ó fi ojú rẹ̀ dé tábìlì.

Agogo kan kọjá díẹ̀ nígbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn.

Ìka mẹ́ta, kò le, kò sì rọ̀. Motúnráyọ̀ bọ́ sálúbàtà, ó rìn lórí ìka ẹsẹ̀, ó fi ojú sí ihò kékeré ara ilẹ̀kùn. Ọkùnrin kan ni, kì í ṣe Enoch. Ó wọ kóòtù dúdú, ó fi káàdì kọ́ ọrùn, ìwé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń wò, tó sì tún ń wo nọ́ńbà ilé. Ó tún kan án. Lẹ́yìn náà ó yọ fóònù tirẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó gbé e sétí. Fóònù tó wà lórí tábìlì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Motúnráyọ̀ rò pé àwọn aṣọ́bodè ló dé. Wọ́n ti mọ ilé, wọ́n ti mọ nọ́ńbà. Ó ń wo ẹnu ọkùnrin náà láti inú ihò, ó ń wo bí èémí rẹ̀ ṣe ń rú, òun fúnra rẹ̀ kò mí. Ó tó ìṣẹ́jú márùn-ún kí ọkùnrin náà tó mi orí, tó sì sọ̀ kalẹ̀. Fèrèsé tiwọn kò kọjú síbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, kò rí ohun tó gbé e wá. Ó lọ yọjú sí yàrá. Àǹtí Bọ́sẹ̀ kọjú sí ògiri, bùláńkẹ́ẹ̀tì dé ìmú rẹ̀. Ó dúpẹ́ pé kò jí.

Ní ìrọ̀lẹ́, òjò bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe ń kan nǹkan ló ń dì. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, igi ti wọ aṣọ dígí, àtẹ̀gùn ń dán bí ọṣẹ, ọkọ̀ kan ò kọjá ní títì. Àǹtí Bọ́sẹ̀ wọṣọ, ó gbé báàgì lé itan, ó jókòó. Agogo mẹ́wàá lù. Mọ́kànlá lù. Motúnráyọ̀ pe ibi tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀, ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ló ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà léraléra.

Jessica pè. Ó kọ́ ọ bí yóò ṣe tẹ fóònù ìyá òun kí àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ lè jáde. Motúnráyọ̀ lọ sí ilé ìdáná, ó pa ilẹ̀kùn dé, ó tẹ̀ ẹ́, ó gbé fóònù kan kọjú sí èkejì. Obìnrin kan ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ohùn rẹ̀ dára. Jessica túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní nítorí yìnyín, àwọn kò ní ṣí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, àwọn kò sì mọ ọjọ́ tí àwọn yóò tún ṣí. Kí Màmá wá lọ́jọ́ Ẹtì dípò rẹ̀. Enoch kò sí lẹ́nu iṣẹ́, ẹlòmíràn ni yóò wá gbé e ní agogo kan.

Motúnráyọ̀ di ẹ̀rọ ìdáná mú.

Jessica béèrè, ní Yorùbá rẹ̀ tó ń wó lulẹ̀, bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn.

"Auntie, ṣé ẹnikẹ́ni wá?"

"Rárá."

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kó tó mọ̀ pé òun ló sọ ọ́. Inú bí Jessica. Ó ní irọ́ ni wọ́n pa, wọn ò rán ẹnikẹ́ni, òun yóò kọ̀wé sí wọn, wọn yóò mọ ẹni tí òun jẹ́. Motúnráyọ̀ ń gbọ́ ọ. Ó jẹ́ kó máa sọ ọ́ lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú, iná lọ. Jessica gbìyànjú láti wá, afárá àkọ́kọ́ ni ọkọ̀ rẹ̀ ti yọ̀ lọ bá irin ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ọlọ́pàá ní kó padà. Ó pè, ó ń sunkún. Waleed, ará Sudan tó ń gbé nísàlẹ̀, gun àtẹ̀gùn lórí ìdí pẹ̀lú tíì gbígbóná nínú fíláàsì. Ó pe orúkọ Motúnráyọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, Motúnráyọ̀ sì ṣílẹ̀kùn fún un. Àǹtí Bọ́sẹ̀ kò lè mu tíì náà tán. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ìdérí ìgò méjì ló lè mu lẹ́ẹ̀kan, nítorí omi kò ní ọ̀nà tí yóò gbà jáde lára rẹ̀. Ó tẹ ìka mọ́ ojúgun rẹ̀. Ibẹ̀ jìn wọlé, kò padà bó ṣe wà.

Nígbà tó fi di ọ̀sán Ọjọ́ Ajé, kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ mọ́. Ìrọ̀rí mẹ́rin ni Motúnráyọ̀ tò sẹ́yìn rẹ̀, síbẹ̀ ó ń mí bí ẹni tó ń gun òkè. Nígbà náà ni Motúnráyọ̀ kúnlẹ̀.

"Àǹtí mi, mo ṣẹ̀ yín."

"Kí lo ṣe?"

"Ọkùnrin kan wá lọ́jọ́ Ẹtì. Òun ló fẹ́ gbé yín lọ. Mo ń wò ó, mi ò ṣílẹ̀kùn."

Àǹtí Bọ́sẹ̀ ń wá èémí tí yóò fi sọ ọ́.

"Mo gbọ́ ọ nígbà tó ń kanlẹ̀kùn."

"Ẹ ò sùn?"

"Ta ló lè sùn? Ìwọ ni mo rò pé wọ́n wá mú. Mo ní bí mo bá húkọ́ pẹ́nrẹ́n, wọn á mọ̀ pé èèyàn wà nílé. Mo ki bùláńkẹ́ẹ̀tì bọ ẹnu." Ẹ̀rín gbé e, ẹ̀rín náà di ikọ́. "Ọmọ ìyá méjì. Ìyá wa ò bí ọlọ́gbọ́n kan mọ́ wa."

Motúnráyọ̀ gbé fóònù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní kó má pe ẹnikẹ́ni, wọn yóò bá a nílé. Motúnráyọ̀ ní kí wọ́n bá òun nílé. Ó tẹ nọ́ńbà mẹ́ta tí gbogbo ayé ibẹ̀ fi ń pe ọkọ̀ pàjáwìrì. Ó fi òyìnbó ọjà sọ ọ́: ẹ̀gbọ́n mi, kíndìnrín, kò rí èémí. Wọ́n ní ọ̀nà ò dára, àwọn tó ń pè pọ̀, kó má kúrò níbi tó wà.

Ó lé ní wákàtí méjì kí wọ́n tó dé. Motúnráyọ̀ kò dúró kí wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ó ṣí i sílẹ̀ gbayawu, ó dúró sẹ́nu rẹ̀ nínú òtútù, ó ń wo Waleed tó ń da iyẹ̀pẹ̀ sórí àtẹ̀gùn. Ọkùnrin mẹ́rin tó wọ aṣọ iṣẹ́ gòkè wá. Kò sí èyí tó wo ojú Motúnráyọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí wọ́n bi í ni ọjọ́ tí wọ́n fọ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kẹ́yìn. Ó ní Ọjọ́bọ̀. Ẹni tó bi í wo ẹnìkejì rẹ̀, wọ́n sì yára sí i.

Nínú ọkọ̀, Àǹtí Bọ́sẹ̀ fa ohun tí wọ́n fi bò ó nímú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Motúnráyọ̀ dẹ etí sí i.

"Má sọ orúkọ rẹ fún wọn."

Wọ́n dé ilé ìwòsàn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ̀rọ wà níbẹ̀. Wọ́n ń so ó mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà tí ọkàn Àǹtí Bọ́sẹ̀ dúró. Wọ́n tẹ àyà rẹ̀ títí, kò padà. Obìnrin kan mú ìwé wá, ó béèrè ẹni tó bá òkú wá. Motúnráyọ̀ sọ orúkọ rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀. Obìnrin náà ní kó pè é ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó kọ ọ́, ó kí i pé kú àmúmọ́ra, ó sì lọ bá ẹlòmíràn. Kò sẹ́ni tó wá mú un.

Lọ́jọ́rú, yìnyín yọ́, omi ń ṣàn lójú títì bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan. Jessica dé. Gbogbo ìjọ ló pè láti kí wọn, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ: yìnyín ló gbé Màmá Jessica lọ. Bọ̀dá Olúdáre ní yìnyín kọ́, àwọn tó ṣèlérí ọkọ̀ tí wọn ò rán an ni. Jessica ti bá lọ́yà sọ̀rọ̀. Ó jókòó ní pálọ̀ pẹ̀lú kọ̀ǹpútà lórí itan, ó ní kí Auntie tún sọ fún òun, kí òun lè kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an: láti àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì títí di alẹ́, ẹnikẹ́ni kò wá?

Motúnráyọ̀ lè dákẹ́. Ó mọ dídákẹ́ dáadáa.

"Ọkọ̀ náà wá, Jessica. Awakọ̀ kan ilẹ̀kùn, ó pè. Mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mi ò ṣí i. Mo parọ́ fún ẹ."

Ọwọ́ Jessica dúró lórí kọ̀ǹpútà. Ó béèrè, ohùn rẹ̀ kò ròkè.

"Ṣé Mọ́mì gbọ́?"

Motúnráyọ̀ wo ojú ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ojú Àǹtí Bọ́sẹ̀ gan-an ni, ní ìgbà tó ṣì ń ríran.

"Kò gbọ́. Ó ń sùn. Èmi nìkan ni."

Jessica pa kọ̀ǹpútà dé. Ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ láìwọ kóòtù. Motúnráyọ̀ tẹ̀lé e dé òkè àtẹ̀gùn. Jessica wọ ọkọ̀, ó tàn án, ó gbé orí lé ìdarí ọkọ̀. Kò wà á lọ, kò sì gòkè. Motúnráyọ̀ jókòó sórí àtẹ̀gùn tó tutù náà, níbi tí ọmọ náà ti lè rí i bó bá gbé orí sókè.