Bàbà Inú Páànẹ́ẹ̀lì

Gbogbo Igbó-Elérin ló mọ̀ pé ẹnu ló máa ń kó bá Ògúndìran oníṣẹ́ iná. Lọ́tẹ̀ yìí, àìsọ̀rọ̀ ló kó bá a.

Nígbà tí ìjọ aláṣọ funfun tí òun àti Àrínọlá ìyàwó rẹ̀ ń lọ fẹ́ ṣe páànẹ́ẹ̀lì tuntun, àpótí tí iná gbogbo ilé ìjọsìn ń gbà kọjá, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n lo alumíníọ̀mù fún bọ́sìbá, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tó ń pín iná nínú rẹ̀. Ó ní bó bá ti fẹ̀ dáadáa, tí a sì dè é le, kò sí wàhálà. Ìyá Elizabeth, alága ìgbìmọ̀ ilé kíkọ́, kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀.

“Ṣé alumíníọ̀mù ni Sólómọ́nì fi ṣe òpó tẹ́ḿpìlì ni? Bàbà la fẹ́.”

Bàbà náà ló rà ní Alaba, ojúlówó. Ṣùgbọ́n àwọn olè tó ń gé bàbà tà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù ti wọ àdúgbò. Ló bá fi ọ̀dà aláwọ̀ fàdákà kun bọ́sìbá náà, àyàfi abẹ́ àwọn bóòtù tó de wáyà mọ́ ọn. Olè tó bá yọjú wò ó, alumíníọ̀mù ni yóò rí, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Ọgbọ́n yìí dùn mọ́ ọn débi pé kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ Àìkú tí wọ́n fẹ́ gbàdúrà sí páànẹ́ẹ̀lì, Ìyá Elizabeth ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀. Wọ́n wò ó títí.

“Ògúndìran, funfun lèyí. Bàbà wa dà?”

Àrínọlá bojú láàárín àwọn akọrin. Ògúndìran súnmọ́ wọn.

“Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ níkọ̀kọ̀, Mà.”

“Olè nìkan ló ń sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀. Sọ ọ́ síta.”

Bó bá dákẹ́, ta ni yóò tún gbé iṣẹ́ fún un láti Ọ̀jọ́ dé Okokomaiko? Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ, áńbọ̀sì bàbà. Ó pa iná, gbogbo fáànù dúró. Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n ń wọ ibẹ̀, nítorí náà ó gun orí pákó gbígbẹ kan, ó tú bóòtù kan. Abẹ́ rẹ̀ pupa yòò.

Ara tù ú. Ó dè é padà, ó tan iná. Kó tó yíjú, Ìyá Elizabeth ti gbá maikirofóònù mú. Orí òrùlé ni àwọn ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà, wọ́n kọjú sí títì.

“Ẹ̀yin ará, bàbà ni. Bàbà gidi. Ọ̀dà ni Brọ̀dá Ògúndìran fi bò ó kí olè má baà mọ̀.”

Ìjọ hó yèè. Níta, ọkùnrin kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ irin àlòkù dúró, ó gbójú sókè wo ilé ìjọsìn náà, ó sì rọra ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Ojú fèrèsé ni Ògúndìran ti rí i. Ó tọ́ka sí i fún Ìyá Elizabeth.

“Má bẹ̀rù,” ni wọ́n wí, wọ́n gbọ́wọ́ lé e léjìká. “Ọlọ́run á bá wa ṣọ́ ọ. Ìwọ ṣáà lọ gbé ẹní rẹ wá.”